Àgádágodo Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Disipẹ́ńsárì

Mi ò ní tẹ̀ka o! Akọ̀wé, ẹ gbé ìwé yín kúrò lórí aṣọ oníaṣọ, léèsì ìyàwó ni mo tẹ́ síbẹ̀ yẹn, Sátidé ni wọ́n máa lò ó, tí íńkì yín bá fi kán sí i ẹ̀yin lẹ máa bá mi ra òmíràn. Èmi Àdíját, èmi aránṣọ, èmi ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ pé ó jẹ́ olórí jàǹdùkú? Ẹ tún un kà kí n gbọ́. Ẹ tún un kà jàre, Ọlọ́run ò ní bínú sí yín. "Olórí àwọn tí wọ́n fọ́ ilé ìjọba." Háà! Èmi tó jẹ́ pé bí eku bá sáré kọjá ní yàrá mi, orí tábìlì ni mo máa wà títí ọkọ mi á fi dé! Èmi ni mo wá fọ́ ilé ìjọba!

Ẹ jókòó. Mo ní ẹ jókòó, bẹ́ǹṣì yẹn ò ní já, káfíńtà gidi ló kàn án. Mo mọ̀ pé wọ́n rán yín ni, ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ á jẹ́ ẹ, èmi ò bá yín jà. Ará Èkìtì ni yín, ẹ kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyàwó yín náà mọ̀ pé tó bá kó aṣọ wá fún mi, mi ò kí ń gé e jẹ. Ṣùgbọ́n etí méjèèjì tí ẹ gbé wọlé yìí, ẹ ò ní gbé wọn lọ lófìfo. Ẹ mu omi. Ẹ ò mu? Ó dáa. Omi kànga ni o, kì í ṣe májèlé.

Kí la fọ́? Kí la já? Ìwé yín ní a já àgádágodo. Irọ́ ni! Wàláhì, irọ́ gbuu ni! Àgádágodo mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà disipẹ́ńsárì yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ní títì pa, kọ́kọ́rọ́ kálukú sì wà lápò ẹni tó ni ín, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìkankan níbẹ̀. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Kí ẹni tó kọ ìwé yẹn kọ́kọ́ lọ wò ó kó tó máa da íńkì ìjọba nù.

Ẹ ò tíì dé Ìkòtún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe máa sọ ọ́ láti ìdí ẹ̀. Ọsibítù kan ṣoṣo la ní níbí nígbà yẹn, ilé olórùlé pupa tó wà lẹ́bàá ọjà, ti dókítà tí gbogbo wa ń pè ní Fowósílẹ̀. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Fowósílẹ̀ ni mo mọ̀, torí ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn, kí o tó kí i pé ẹ káàárọ̀, kí o tó sọ ibi tó ń dùn ọ́. Tí ejò bá bù ọ́ jẹ, fowó sílẹ̀. Tí o bá ti kú pàápàá, àwọn èèyàn ẹ máa fowó sílẹ̀ kó tó gbà pé o kú. Ṣùgbọ́n owó náà ṣì ṣeé gbọ́ sétí nígbà yẹn ṣá. Náírà méjìlá ló fi ń gbẹ̀bí, tí o bá sunkún dáadáa ó lè gba mẹ́wàá.

Àfi ìgbà tí owó Ùdójì dé, tí ìjọba fi owó gọbọi kún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, tí wọ́n tún san ti àtẹ̀yìnwá pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà gba tiyín, ẹ má purọ́, rédíò ńlá tí ẹ fi rà ṣì ń pariwo wọ yàrá wa títí dòní. Mi ò jowú o, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ta ló fún káfíńtà ní Ùdójì? Ta ló fún aránṣọ? Ọ̀sẹ̀ tí owó yẹn jáde, ẹran gbówó lórí, gààrí gbówó lórí, òwú ìránṣọ gbówó lórí, ni Fowósílẹ̀ náà bá gbé kálámù, ó pa méjìlá rẹ́, ó kọ márùndínlọ́gbọ̀n. A ní kí ló dé? Ó ní ìlú ti lówó. Kò pẹ́, ó di ogójì. A ní kí ló tún dé? Ó ní òwú tí àwọn fi ń nu egbò ti há sí Àpápá, pé àwọn ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì wá láti òkè òkun ti dí ojú omi, ọkọ̀ tó kó òwú ò rọ́nà kọjá. Ẹ gbọ́ o! Sìmẹ́ńtì ló ń mú kí ìbímọ wọ́n! Mo bi í pé dókítà, ọmọ tí mo fẹ́ bí, ṣé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni?

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò tíì débì kan.

Ìyẹn ló jẹ́ kí inú wa dùn nígbà tí káńsù ní àwọn máa kọ́ disipẹ́ńsárì ìjọba fún wa. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní, fún aboyún, fún ọmọ wẹ́wẹ́, kò sí fowó sílẹ̀, kò sí gbowó wá. Wọ́n sì kọ́ ọ, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà sí i, wọ́n kó oògùn àti àlùmọ́gàjí àti bọ́ńdéèjì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tún gbé Nọ́ọ̀sì Olútóyìn wá, ọmọ Oǹdó, àgbẹ̀bí tó kàwé, tí ọwọ́ ẹ̀ tutù bí omi àmù. Wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn. Ó parí! Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, ilẹ̀kùn ò ṣí.

Kí ló dé? Ẹ bi kọmitíì yín tó ń rí sí i. Alàgbà Ọdẹ́tọ́lá tí wọ́n fi ṣe alága ẹ̀ ló ní ilé náà ò lè ṣí láìjẹ́ pé ọ̀gá ṣọ́jà kan wá gé ríbọ́nì. Wọ́n dá ọjọ́. A gbá ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ iléèwé kọ́ orin títí ohùn wọn fi há. Kí ọjọ́ ó tó pé, rédíò ní ìjọba ti yí padà, ọ̀gá tó fẹ́ gé ríbọ́nì ti gba ilé lọ. Wọ́n tún dá òmíràn fún ọ̀gá tuntun. Ìyẹn ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé. Akọ̀wé tí wọ́n rán wá pé kó kà á, ó ka bẹ́ẹ̀dì dé ìkẹrin ni lẹ́tà dé pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wíìdì ìmídíéètì ìfẹ́ẹ̀tì! Ẹ rántí gbólóhùn yẹn? Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́ nígbà yẹn, àwọn obìnrin ń fi lé ọkọ jáde. Ẹni ẹlẹ́ni ju bírò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ bàtà ẹ̀, ó ń lọ sílé. Ìgbà kẹta tí wọ́n dá ọjọ́, ìbọn tún dún l'Ékòó, wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Ẹ̀mí ríbọ́nì yẹn gùn ju ti ìjọba lọ!

Kó tó di pé ìyẹn yanjú, Alhájì Àjíṣafẹ́ tí òun náà wà nínú kọmitíì dìde, ó ní bàbá òun ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí, orúkọ bàbá òun ló gbọ́dọ̀ wà lára pátákó. Ọdẹ́tọ́lá ní láéláé, orúkọ òun alága ni. Àjíṣafẹ́ bá lọ ra àgádágodo, ó fi ti ilẹ̀kùn pa, ó ní abiyamọ kan ò ní wọbẹ̀ títí wọ́n á fi kọ orúkọ bàbá òun. Ọdẹ́tọ́lá náà ra tiẹ̀, tó tóbi bí orí ọmọ ọdún méjì, ó gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàkọ́kọ́. Káńsù wá rán ẹnì kan kó wá parí ìjà. Ẹ mọ bó ṣe parí ẹ̀? Ó fi àgádágodo kẹta sí i! Ó ní ti ìjọba nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín láti máa parí ìjà nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Olútóyìn ńkọ́? Lójoojúmọ́ ayé, agogo mẹ́jọ, ó ti wọ aṣọ funfun ẹ̀, ó ti dé fìlà ẹ̀, ó ti dé sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú disipẹ́ńsárì, ó jókòó síbẹ̀ títí di agogo méjì. Wọ́n ń san owó oṣù fún un kó máa ṣọ́ máńgòrò. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà mẹ́fà, wọ́n ní kó máa jókòó. Ó fi òwú hun fìlà ọmọ ìkókó títí, kò mọye mọ́, kò sì sí ọmọ tó máa dé e. Ewúrẹ́ Ìyá Ṣàfíù aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ bímọ ní disipẹ́ńsárì yẹn, ní fàráńdà, ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ló gbẹ̀bí ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ gbàgbé iṣẹ́ òun.

Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Ṣé ẹ mọ Agnes, ìyàwó Festus, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ò bá a nígbà tó máa ń rẹ́rìn-ín. Ọdún tó kọjá, nínú òjò, ọmọ mú un, Fowósílẹ̀ ní àfi kó fi ogójì náírà sílẹ̀, Festus sì ti fi gbogbo owó tó ní ra páànù ilé tó ń kọ́ sí Ayọ̀bọ̀. Wọ́n gbé e sínú bọ́lékájà pé kó máa lọ sí ọsibítù ńlá n'Íkẹjà. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn nínú òjò. Ọkọ̀ rì, èrò bọ́ sílẹ̀ tì í, ó tún rì. Ìyànà Ìpájà ni wọ́n dé tí ọmọ náà fi jáde, kò ké. Ọkùnrin ni. Agnes gbé e mọ́ àyà padà wálé nínú bọ́lékájà yẹn kan náà, kò sẹ́ni tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá níwájú disipẹ́ńsárì, nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ igi, ó dìde, kò mọ nǹkan tó lè ṣe, ó ṣá dìde dúró.

Ìyẹn ló mú ká lọ sílé Ọdẹ́tọ́lá, àwa obìnrin mẹ́tàlá. A kúnlẹ̀, a ní Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù, ètò ìjọba ni, kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ìbínú ṣe." Mo ní Alàgbà, oyún ò mọ ètò, tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, á bọ́ sílẹ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ Àdíját, ẹnu ẹ mú jù." Ó ní kí a wò ó, tí òun bá ṣílẹ̀kùn láìsí ríbọ́nì, wọ́n á ní òun rú òfin. Ó ní nǹkan tó dáa kì í yá. Ohun tó sọ nìyẹn, orí tìmùtìmù ló jókòó sí nígbà tó ń sọ ọ́, tìmùtìmù méjì lórí ara wọn, torí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni. Ẹ mọ ohun tó lọ tọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù? Jẹ̀díjẹ̀dí! Mo fi Ọlọ́run búra, jẹ̀díjẹ̀dí! Ó fi ìdí wọ bàálù. Ìdí ẹnì kan ṣoṣo ló ná owó tó tó gbẹ̀bí gbogbo Ìkòtún, a ò sì gé ríbọ́nì kankan kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìdí yẹn!

Ẹ pa ẹnu mọ́ ná, mo mọ̀ pé ọ̀gá yín ni. Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan, kí ẹ má wolẹ̀ o. Ta ló ni ilé olórùlé pupa tí Fowósílẹ̀ háyà? Ta ló ń gba owó ilé ẹ̀ lọ́dọọdún? Ẹ wolẹ̀ ṣá! Mo sọ pé kẹ́ ẹ má wolẹ̀! Ọdẹ́tọ́lá ni. Ọkọ mi ló ń bá a tún àjà ilé yẹn ṣe, ojú ẹ̀ ni Ọdẹ́tọ́lá àti dókítà ṣe sọ ọ́, pé tí disipẹ́ńsárì ọ̀fẹ́ bá ṣí, dókítà máa kó ẹrù ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀. Gbogbo káńsù ló mọ̀. Ríbọ́nì kọ́ ni wọ́n ń dúró dè, owó ilé ni wọ́n ń jẹ.

Tọ̀. Ó wá kan tèmi.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oòrùn ti ń gbóná díẹ̀, ọmọ mú Ìdíátù, àbúrò mi ọmọ ìyá mi, tí ọkọ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Kàdúná, tó wá bímọ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ àkọ́kọ́. A gbé e lọ sí ilé olórùlé pupa. Ọmọbìnrin tó ń kọ káàdì ń jẹ gúgúrú, ó ní ọgọ́ta. Mo ní ọgọ́ta kí ni, ẹ̀pà? Ó ní ọgọ́ta náírà. Ogójì ti di ọgọ́ta! Gbogbo owó tó wà nílé jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo tú u sórí tábìlì, kọ́bọ̀ ń yí lọ sílẹ̀. Fowósílẹ̀ jáde, ó fọwọ́ kan ikùn Ìdíátù ní ẹ̀ẹ̀kan péré bí ẹni tó ń yan ẹ̀gúsí, ó ní ọmọ ò dojú kọ ọ̀nà, pé iṣẹ́ abẹ ni, pé ọgọ́ta ò tó mọ́, àádọ́jọ ni. Àádọ́jọ! Mo ní dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe é lọ, a máa san án, ọkọ mi máa ta irinṣẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò kí ń ṣe ìjọba. Ẹ gbé e lọ s'Íkẹjà." Ó sì wọlé. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó rọra padé fúnra ẹ̀.

Ìdíátù gbọ́ Ìkẹjà, ó dì mọ́ ọrùn mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ n bá ti Agnes lọ."

Akọ̀wé, kí lẹ̀yin ìbá fi dá a lóhùn?

A ń gbé e bọ̀, èmi àti ọkọ mi àti Ìyá Ṣàfíù, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, omi ti dà lára ẹ̀, a dé iwájú disipẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì Olútóyìn rí wa, ó ju òwú tó ń hun sílẹ̀. Ó ní kí a tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ikùn Ìdíátù kiri, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó dijú, ó gbé etí lé e. Ó wá ní, "Kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ọmọ yìí jókòó ni, ìdí ló fẹ́ fi wáyé. Mo ti gba irú ẹ̀ rí tó mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbà á nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fẹ́ ìbọ̀wọ́, mo fẹ́ àlùmọ́gàjí tó mọ́, gbogbo ẹ̀ ló sì wà nínú ilé yẹn." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Gbogbo wa wo ilẹ̀kùn. Àgádágodo mẹ́ta ń wò wá padà.

Ìyá Ṣàfíù ní ká lọ bá wọn gba kọ́kọ́rọ́. Mo ní lọ́dọ̀ ta ni? Àjíṣafẹ́ ti lọ sí Mẹ́kà, ti káńsù wà l'Ékòó, Ọdẹ́tọ́lá ń sùn lórí tìmùtìmù! Ọkọ mi ńkọ́? Ẹ mọ̀ ọ́n, Jàfárù tí ẹ ń wò yẹn, ó lè jẹun tán láàárọ̀ kó má sọ̀rọ̀ títí dalẹ́. Ó kàn rìn lọ síbi ilẹ̀kùn. Ó wò ó. Ó ní, "Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yìí." Ó ní, "Wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni ò ti ẹ̀gbẹ́ òsì." Ó yọ sukudíráfà lápò ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú hínjì. Súkúrù mẹ́sàn-án, mò ń kà á. Ó ní ọ̀kan ti dógùn-ún, ó bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó, ó jáde. Ó wá gbé odindi ilẹ̀kùn yẹn ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó rọra ṣí i sí ọ̀tún, àgádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di hínjì! Akọ̀wé, mo rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ń kú lọ nílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Inú ilé ń rùn bí àpótí tuntun. Wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá lára bẹ́ẹ̀dì. Bírò akọ̀wé ọjọ́sí ṣì wà lórí ìkẹrin. Omi ò sí, àwọn obìnrin bá ń pọnmi bọ̀ láti ilé kálukú, a ò pe ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń bọ̀ ni, Agnes náà pọn, korobá méjì, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí Ìdíátù má gbin títí òun á fi ní kó gbin. Ìdíátù ń bú ọkọ ẹ̀, ó ń bú Kàdúná, ó ń bú ọkọ̀ akẹ́rù. Ìdí kọ́kọ́ jáde lóòótọ́, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kejì, mo rí i tí ara ọmọ ń rọ̀ dirodiro, orí ṣì wà nínú, nọ́ọ̀sì sì ń sọ pé, "Ẹ má fà á, kẹ́nikẹ́ni má fà á, ó ń bọ̀." Kí orí tó jáde, mo ti ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tàwọn Kìrìsìtẹ́nì mọ́ ọn. Ó jáde. Obìnrin ni. Kò ké.

Kò ké o. Nọ́ọ̀sì nù ún lẹ́nu, ó fi rọ́bà fa ikun imú ẹ̀, ó fi ìnura gbo ó lẹ́yìn, kò ké. Mo gbójú sókè, mo rí Agnes tó ti wọlé, n kò mọ ìgbà tó wọlé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ náà lẹ́nu, fìn, fìn, bí ẹni ń fẹ́ná. Ọmọ náà sín. Ó sín lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá figbe ta, igbe náà burú, bí ẹni tí wọ́n jà lólè, Agnes sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, a ò mọ èwo ni ká rẹ̀ ẹ́ fún.

Ẹ nu ojú yín. Ẹ gba, ẹ fi èyí nù ún, ìrépé aṣọ ni, ó mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́rin ló wà ní fàráńdà. Mọ́ńdè, wọ́n ti lé ní ogún, ti Ìgándo wà níbẹ̀, ti Ẹ̀gbẹ́dá wà níbẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ ti Òkè-Odò gbé ọmọ tó ní gìrì wá, ọmọ náà ti ń jẹ àkàrà báyìí. Gbogbo ẹni tó wọlé ni nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé ìjọba, orúkọ, ọjọ́ orí, oògùn tó gbà, kò sí kóró kan tó sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ilé olórùlé pupa ti dá páropáro fún eṣinṣin. Ọjọ́ kẹrin ni Ọdẹ́tọ́lá rántí pé òun ń ṣe alága! Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, kò rí àyè ṣe ìpàdé, ó wá ṣe mẹ́ta láàárín ọjọ́ méjì!

Kí ni wọ́n sì fẹnu kò sí? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ fún mi. Pé kí ọkọ mi dá ilẹ̀kùn padà, kó san igba náírà, tàbí kí ọlọ́pàá wá mú un. Pé kí Nọ́ọ̀sì Olútóyìn kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì ní ìparí oṣù. Pé kí èmi wá síwájú kọmitíì ní Ọjọ́bọ̀ wá tọrọ àforíjì. Kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ilẹ̀kùn?

Ẹ dákẹ́, mo gbọ́. Ẹ ní kí n ṣáà tẹ̀ka, kó má di wàhálà, kí ẹ lè sọ pé mo bẹ̀bẹ̀. Ẹ ṣé. Ó ti ọkàn rere wá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ dá wọn lóhùn báyìí: ọkọ mi máa dá ilẹ̀kùn padà, ó ti ní kí n sọ fún wọn, ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, tí wọ́n ṣí i fúnra wọn, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kọ́bọ̀ kan, kò ní san án. Nọ́ọ̀sì ò sì lọ síbì kankan. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé e, kí wọ́n wá gbé e, á rọrùn fún wọn, obìnrin tó máa jókòó yí i ká ò ju ọgọ́fà lọ.

Ó sì tún ku ọ̀kan. Tèmi. Ẹ sọ fún Ọdẹ́tọ́lá pé mo gbọ́, mo sì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe èmi nìkan o. Gbogbo abiyamọ tí nọ́ọ̀sì ti tọ́jú ló ń bọ̀, a ti sọ ọ́ lẹ́nu kànga láàárọ̀ yìí, ọmọ mẹ́tàdínlógójì la kà, ẹni ọjọ́ mẹ́fà ló kéré jù. A máa wọ inú yàrá ìpàdé yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a máa kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ, a máa jókòó, àwa fúnra wa ò ní pariwo, a ò ní bú ẹnikẹ́ni. A ti fẹnu kò sí i, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní fún ọmọ lọ́mú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Háà! Ẹ wojú yín! Ẹ rẹ́rìn-ín jàre, ẹ má pa á mọ́ra, á di jẹ̀díjẹ̀dí sí yín lára! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn: agogo mẹ́sàn-án. A ò ní pẹ́.